Fọ́tò Tí Nafi Ní Kí Wọ́n Yọ

"Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò mi kúrò."

Mounira, akọ̀wé ilé-ìwé, ò kọ́kọ́ gbójú sókè. Fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ igba ó lé méjìlá ló wà níwájú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti ní òun fẹ́ rí gbogbo wọn nínú ìwé ìrántí ọdún kó tó di ọ̀sán. Iṣẹ́ náà rọrùn lẹ́nu. Èèyàn á kó fọ́tò sínú dósíẹ̀ kan, á kó orúkọ àwọn ọmọ sínú òmíràn, á tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á sì so ojú kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ rẹ̀.

"Kí ló dé? Fọ́tò rẹ dára. O tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Tàǹtí, ẹ yọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni Mounira wá wò ó. Nafi ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kíláàsì troisième, ìyẹn ọdún kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ tí kì í fa wàhálà. Ó dúró ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀, ó fa kọ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpá kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí rẹ̀, ó lọ dé èjìká, ẹnu àpá náà rí ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń dán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ aṣọ rí máa mọ̀ ọ́n. Ojú áyọ́ọ̀nù ni.

"Bàbá mi ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́rùn," ni Nafi wí. Kò sunkún. "Ó ń lu màmá mi, mo lọ dì í mú. Ó ti ṣẹ́ wọn lápá kí n tó dé ibẹ̀. Ìlú Béoumi la wà nígbà yẹn. Ọjọ́ tó rìnrìn àjò lọ sí Mamini la sá wá síbí. Ó ń wá wa, Tàǹtí. Ó sọ fún gbogbo ará ilé pé ibi tí òun bá ti rí màmá mi, ibẹ̀ lòun máa sin wọ́n sí."

Bouaké yìí, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n bí Mounira sí, ní agboolé àwọn Yorùbá tó ti Gánà wá lọ́dún 1969. Ní agboolé yẹn, bí wọ́n bá ń lu obìnrin kan nínú yàrá, àwọn tó wà lóde á yí rédíò sókè. Òun náà ti yí i sókè rí.

"Wò ó," ló sọ fún ọmọ náà. Ó mú fọ́tò náà lójú rẹ̀, ó pa á rẹ́ nínú dósíẹ̀. "Ó ti lọ. Padà sí kíláàsì."

Nafi kí i, ó lọ.

Mounira wá tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣe tán, ó rí i pé nǹkan ti dàrú. Fọ́tò kan ti dín, orúkọ Nafi sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, torí náà gbogbo ojú tó tẹ̀lé tirẹ̀ ti sún síwájú ní ẹsẹ̀ kan. Prince, tí irun ti ń hù lágbọ̀n, ló ń jẹ́ Nafi. Sakeenah ló ń jẹ́ Prince. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé orúkọ ìkẹyìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì ṣe tó ogún tí ọ̀gá ilé-ìwé, Mùsíọ̀ Abdoulaye, fi wọlé. Ó rí ojú Prince lórí orúkọ ọmọbìnrin, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ife omi fi ṣubú.

"Àwọn òbí ń dúró!" ló pariwo ní Faransé. "Mo ti ní wọ́n máa rí i lónìí! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín ni?"

Bí ọ̀gá ti jáde tán, Mounira rántí kílé, fláàṣì kékeré tí onífọ́tò gbé fún un, tí gbogbo fọ́tò wà nínú rẹ̀ bó ṣe yà wọ́n. Ó ki kílé náà bọ kọ̀ǹpútà, ó pa gbogbo èyí tó ti ṣe rẹ́, ó sì tún wọn kó wọlé láti inú kílé náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú bá orúkọ mu. Igba ó lé méjìlá, ni kọ̀ǹpútà wí, kò sí àṣìṣe kankan. Iye yẹn nìkan ìbá ti ta á lólobó. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ló bá a. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Wọ́ṣáàpù àwọn òbí, ó sì lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, bí aago mẹ́wàá ṣe ń lù, ọkùnrin kan wọ ọ́fíìsì. Ó wọ kafutáánì tó mọ́, ó gbé nǹkan gígùn kan tó fi àpò ìrẹsì wé sábẹ́ abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí o. Wọ́n ní ọmọ Ànàgó ni yín, Yorùbá bíi tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ káàbọ̀."

"Àwáàlù lorúkọ mi. Béoumi ni mo ti ń bọ̀. Ọmọ mi ni mo wá wò. Ẹnì kan ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi." Ó gbé fóònù rẹ̀ lélẹ̀ níwájú Mounira.

Ojú ìwé kẹrìndínlógún nínú ìwé ìrántí ló wà níbẹ̀. Mounira mọ̀ ọ́n kó tó kà á. Nafi ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ fọ́tò, kíláàsì rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ilé-ìwé sì wà lókè ní lẹ́tà ńlá. Ó ti fóònù náà padà síwájú ọkùnrin náà.

"Kò wá lónìí," ló wí.

"Kò wá?" Àwáàlù rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ìyá rẹ̀ ni mo tiẹ̀ fẹ́ rí. Ibo ni wọ́n ń gbé? Ó máa wà nínú ìwé yín."

"A kì í sọ ibi tí ọmọ ń gbé fún..."

Ìgbátí ọkùnrin náà dé kó tó parí ọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ gbá ògiri, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, àpò ìrẹsì ti wà nílẹ̀, àdá sì wà lọ́wọ́ Àwáàlù.

"Bàbá ọmọ ni mí! Ìwọ ta ni?" Ó ṣá kọ̀ǹpútà, gíláàsì fọ́ dànù. Ó ṣá tábìlì, pákó là. "Mú ìwé yẹn wá!"

Ìwé orúkọ wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Mounira. Sokoura, àdúgbò wọn, ló wà nínú rẹ̀, àti orúkọ ilé tí Nafi àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Mounira fi ẹ̀yìn ti dúrọ́ọ̀ náà. Kò mọ ìgbà tó pinnu bẹ́ẹ̀. Àwáàlù gbé àdá sókè, Mounira na apá bo orí, irin náà sì wọ apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Kò kọ́kọ́ dùn ún. Ó kàn rí i tí ẹran ara rẹ̀ là tí ó sì funfun, kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Ìgbà yẹn ló wá figbe ta.

Igbe náà ni Nafi gbọ́ ní kíláàsì. Ó sáré jáde, ó dé àárín ọgbà, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó dúró síbẹ̀, kò sá.

Àwáàlù fi Mounira sílẹ̀. Ó mú ọmọ náà ní irun dídì, ó wọ́ ọ nílẹ̀ kọjá iyanrìn bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Nafi ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ìdí àdá gbá a lẹ́nu, eyín kan jáde. "O máa mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀! O máa mú mi lọ lónìí!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ké lójú fèrèsé. Tíṣà kan ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù, kò sì sún mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ti géètì wà lára ògiri. Mounira jáde, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú un. Ó gbá Àwáàlù ní ìgúnpá láti ẹ̀yìn, àdá bọ́. Ó gbá a lórúnkún, ó gbọ́ tí eegun dún, ọkùnrin náà sì ṣubú, ó ń fi Yorùbá ṣépè fún un. Mounira tún gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń kán sí i lára. Orí ọkùnrin náà nìkan ló ń wò, ó ń rò pé bí orí yẹn bá fọ́, gbogbo rẹ̀ parí. Ó gbé ọ̀pá náà sókè.

"Tàǹtí, ẹ dákun! Bàbá mi ni!"

Nafi ló ń ké, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ó ti na ọwọ́ bo orí ọkùnrin náà.

Ọ̀pá irin bọ́ lọ́wọ́ Mounira. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ nǹkan kan mọ́ títí tó fi la ojú ní ilé ìwòsàn.

Ojú ìrán mẹ́tàlélógún ni wọ́n rán sí i lápá. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Lùkmọ́nù, àgbà àwọn Yorùbá àdúgbò wọn, wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó jókòó, ó ṣàdúrà gígùn, ó sì sún àga mọ́ ibùsùn.

"Ọmọ mi, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́. Àwọn ará ilé Àwáàlù ti wá bá wa. Òun náà wà ní ibùsùn, ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ọ. O ṣẹ́ orúnkún rẹ̀, o ṣẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Ó máa fọwọ́ kan Kùránì pé òun ò ní dé Bouaké mọ́. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé. Ṣé o mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Bàbá, ó fẹ́ pa wọ́n ni."

"Mo gbọ́." Ohùn bàbá náà rọlẹ̀ sí i. "Ọ̀gá ilé-ìwé yín ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó sọ pé ìwé ìrántí tí o fi ránṣẹ́ ló gbé fọ́tò ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Àwáàlù. Kò tíì sọ fún ẹlòmíràn, ó ní kí ìwọ náà má sọ. Bí o bá lọ fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ní kọ́mísáríà, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n á bi ọ́ pé báwo ni ọkùnrin yìí ṣe mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Kí lo máa wí? Ro ó dáadáa."

Ó tún ṣàdúrà, ó sì jáde.

Mounira ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Sìkírátù, ìyá Nafi, wọlé. Obìnrin tó ti kọjá ogójì ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá òsì rẹ̀ wọ́ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ó gbé bùyì, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, wá nínú abọ́ tó ní ìdérí. Ó gbé e kalẹ̀, kò tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì.

"Ìwọ lo gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o..."

"Ìyá Nafi, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní dìde. Bí kì í bá ṣe ìwọ..."

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!" Omi ti dé ojú Mounira. "Èmi ni mo mú un wá bá yín. Nafi bẹ̀ mí kí n yọ fọ́tò òun. Mo yọ ọ́ lójú rẹ̀. Nǹkan wá dàrú, ọ̀gá ń pariwo lé mi lórí, mo lọ tún gbogbo rẹ̀ kó wọlé. Mi ò rántí ọmọ yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló ti kúrò lọ́dọ̀ mi, mi ò rántí rẹ̀. Èmi ni mo fi ránṣẹ́ síta."

Sìkírátù dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wo abọ́ bùyì, ó ti ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó fọ́ Mounira létí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà tí Àwáàlù ti gbá. Ẹnu Mounira tún là, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí aṣọ ìbùsùn. Kò gbé ọwọ́ bo ojú.

Àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ta ló tún mọ̀?" Sìkírátù béèrè.

"Ọ̀gá wa. Àti Bàbá Lùkmọ́nù."

"Wọ́n ní kí o má sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ká parí ẹ̀ nílé, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Ọ̀rẹ́." Obìnrin náà wo apá rẹ̀ tó wọ́. "Ìgbà wo lèmi àti ọkùnrin yẹn ṣọ̀rẹ́? Ilé ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí, láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Ilé náà ni wọ́n ti parí ti ọrùn Nafi." Ó gbé abọ́ bùyì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o lè rìn?"

"Mo lè rìn."

"Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí náà ni kí o ṣe sọ ọ́ fún wọn ní kọ́mísáríà. Ti fọ́tò, ti àdá, ti ọ̀pá irin tí o fi gbá a. Má yọ ọ̀kan kúrò."

"Wọ́n lè lé mi níbi iṣẹ́, Ìyá Nafi. Wọ́n lè ti èmi náà mọ́lé."

"Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Mounira ò sì béèrè. Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára fa sálúbàtà méjèèjì jáde lábẹ́ ibùsùn, ó tò wọ́n síwájú ibùsùn. Mounira sọ̀kalẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n.