Ẹsẹ̀ Kan Kúrú

Ẹ̀rọ-ò-sinmi ni wọ́n ń pè é ní họ́sítẹ̀lì, torí pé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ kì í sùn. Bí olówó ẹ̀ bá ń jẹun, ẹ̀rọ ń gba fíìmù. Bí olówó ẹ̀ bá ń wẹ̀, ẹ̀rọ ń gba orin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé áàpù tí wọ́n fi ń pín fáìlì sórí nẹ́tíwọ́kì àwọn, ṣùgbọ́n òfin yẹn dà bí agbòjò tó ń jò: gbogbo èèyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì rin gbindin.

Bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Ohun tó o bá jù sínú fódà kan báyìí, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ohun tó o bá sì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ọwọ́ tìẹ náà ni ẹlòmíì á tún ti gbà á. Kò sí agbà-má-fúnni níbẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá Ẹ̀rọ-ò-sinmi. Kó tó kú, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ ẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Látọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ ọkùnrin tí Bàbá ò fẹ́, Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò kí i, kò ṣépè fún un, ó kàn dákẹ́ bíi pákó.

“Má dá gbọ́ ọ o,” Bàbá ti kìlọ̀. “Má sì fi ránṣẹ́ sí i. Jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ gbọ́.”

Ọmọ gbọ́ràn. Kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Nígbà tí fóònù ẹ̀ já sínú korobá omi, orí ló bá a ṣe é, ó ti gbé ohùn náà sórí láptọ́ọ̀pù.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn géètì ni ẹ̀gbọ́n dúró sí.

“Ó bínú sí mi títí tó fi kú,” ló wí.

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ó fọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín. Ó wà ní họ́sítẹ̀lì.”

“Ìwọ? Irọ́ tó o ti pa láti kékeré, a lè fi kọ́lé. Ohùn ẹ̀ ni mo fẹ́ fetí mi gbọ́. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, má dárúkọ ẹ̀ sí mi mọ́.”

Wọ́n bá fi àdéhùn sí Sátidé tó máa tẹ̀lé ìdánwò.

Olójú Mẹ́rin, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, kì í rí fáìlì ẹni kó má tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ-ò-sinmi bá fi orúkọ bo ohùn Bàbá: “Ẹ̀kọ́ Bàbá Oorun, Apá Kẹta.” Bàbá Oorun ni olùkọ́ ìṣirò tó jẹ́ pé tó bá ti lanu, eṣinṣin gan-an á sùn lórí tábìlì. Ta ló máa fọwọ́ kan irú ẹ̀?

Ọgbọ́n àgbọ́njù! Inú fódà àpínlò ló gbé e sí, kò sì mọ̀. Ìdánwò Bàbá Oorun wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń sá fún un ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri bí ẹni ń wá omi. Gbogbo họ́sítẹ̀lì gba fáìlì náà. Wọ́n mú báírò dání, wọ́n fi nǹkan sétí, àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ bàbá kan tó ń wúkọ́, tó ń sọ pé ẹsẹ̀ kan kúrú. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó gba máàkì méjì.

Ọ̀rọ̀ náà di àṣà. Iná lọ? “Ẹsẹ̀ kan kúrú!” Omi ò yọ? “Ẹsẹ̀ kan kúrú!” Ẹ̀rọ-ò-sinmi náà ń bá wọn pa á, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Wọ́dà wọlé. Wọ́dà ló ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì: òkìtì kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí, yàrá kan ṣoṣo ló sì ń ṣí. Ó gba láptọ́ọ̀pù, ó nu gbogbo inú ẹ̀ mọ́ bí àwo tí ajá lá, ó dá a padà.

“Tí mo bá tún rí áàpù yẹn lọ́wọ́ ẹ, o ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí.”

Ẹ̀rọ-ò-sinmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Olójú Mẹ́rin rò pé tìtorí fíìmù ló ṣe ń sunkún.

“Ohùn bàbá mi ni,” ló wí. “Mo pè é ní Bàbá Oorun, Apá Kẹta.”

Olójú Mẹ́rin yọ gíláàsì ojú ẹ̀. “Apá Kẹta? Èyí tó ń wúkọ́ yẹn? Bàbá ẹ ni Ẹsẹ̀-kan-kúrú?”

Gbogbo ẹ̀rín tí Ẹ̀rọ-ò-sinmi ti rín padà wá bá a.

Wọ́n lọ láti yàrá dé yàrá, bóyá ẹnì kan ṣì ní in. Gbogbo wọn ti fi ìbínú pa á rẹ́. Ẹnì kan ní, “Èmi tí mo fìdí rẹmi tìtorí ẹ̀? Mo pa á rẹ́, mo tún tutọ́ sí i!” Nígbà tó gbọ́ ẹni tó ni ohùn, kò lè gbójú sókè mọ́.

Ọ̀sán Fúráídè, ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n tún gbé áàpù sórí láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n tan án, kí wọ́n fi wá ohùn náà. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní in, á yọjú.

“Wọ́n á lé ẹ o,” Olójú Mẹ́rin wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́la.” Ó tan án.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yọjú. Orúkọ kọ̀ǹpútà náà ni “Ọ́fíìsì Nẹ́tíwọ́kì.”

“Wọ́dà!” Olójú Mẹ́rin fò sókè. “Yéè! Pa á!”

Kò pa á. Fáìlì ń wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń lọ sílé àna. Wọ́n gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ-ò-sinmi jókòó lé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, kó má baà bẹ̀rù kó pa á.

Wọ́dà ṣílẹ̀kùn. “Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹ̀rọ mi ní ẹnì kan ń fa nǹkan lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó kù díẹ̀.”

“Mo gbà á nígbà yẹn kí n lè mọ ẹni tó ń pín in. Iṣẹ́ ni. Mo ní kí n gbọ́ ọ kí n tó pa á rẹ́.” Ó wo ilẹ̀. “Mi ò wá pa á rẹ́ mọ́. Bàbá ta ni?”

“Bàbá mi ni, sà. Ó ti kú.”

Wọ́dà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Olójú Mẹ́rin. Ó di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mú kí wọ́n má dún. Ó dúró títí fáìlì fi wọlé tán.

“Pa áàpù yẹn báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, wàá wá síwájú ìgbìmọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èmi náà á jókòó tì ẹ́. Ẹni tó bá gbà á ti pín in. Orúkọ tèmi ni màá kọ́kọ́ dá.”

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga, báàgì lórí itan, bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Níta, korobá ẹnì kan já, ó la ẹnu, “Ẹsẹ̀ ka—” Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́.

Àbúrò tẹ ohùn náà.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà: “Ìwọ ọmọ yìí. Bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó ẹ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi àpò bò ó. Ọdún tó o lọ ni mo ti ń kàn án. Ẹsẹ̀ kan kúrú. Ọwọ́ mi ò gbà mọ́. Sọ fún ọkọ ẹ kó wá bá mi fi igi kún un. Kó má fi bíríkì tì í o, mi ò fẹ́ iṣẹ́ jákujàku. Ilé mi ni kó wọ̀ tààrà, kó má dúró sí géètì. Ṣé o gbọ́?”

Ohùn dákẹ́. Èémí ẹ̀ nìkan ló ń lọ, tó ń bọ̀, bí ẹni tó ń retí èsì.

Báàgì yọ̀ kúrò lórí itan ẹ̀gbọ́n, kò mú un.

“Mo gbọ́, Bàbá,” ló wí.

Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ó dáa,” ló wí.