Bẹ́líìtì Tí Kò Sinmi

Nígbà tí àkọ́bí wọ inú yàrá irinṣẹ́ tí ó wà ní ìkángun pápá ìṣeré náà, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, nítorí pé ìbínú kì í gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí a bá kọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó kí. Kò wo ojú bàbá.

"Ẹ lé àbúrò mi," ni ó wí.

"Mi ò lé ẹnikẹ́ni. Mo ní kó kúrò lórí ẹ̀rọ mi ni. Òun ló kó ẹrù ẹ̀ kúrò nílé."

"Ẹ pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù."

"Irọ́ ló pa, kí ni kí n pè é? Olóòótọ́?"

Olùtọ́jú pápá ni bàbá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Bàbá Fún-un-dáadáa lọ, nítorí pé ohun gbogbo tí ó bá fọwọ́ kàn, ìbáà jẹ́ okùn àwọ̀n góòlù, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn, gbólóhùn kan náà ni ó ń tẹnu rẹ̀ jáde sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìgékoríko tí a ń jókòó lé wà, èyí tí ó wà láàárín wọn nísinsìnyí. Bẹ́líìtì tí ó ń yí àwọn abẹ rẹ̀ ń jó, ó sì ń já. Ọwọ́ irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó: bí awakọ̀ bá já a sílẹ̀, bẹ́líìtì yóò dẹ̀, ìjánu yóò sì dá abẹ dúró, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní ọmọkùnrin òun tí ó ń wà á kì í já a sílẹ̀ bí ó bá ń kọjá lójú ọ̀nà olókùúta. Ọmọ ní òun ń já a sílẹ̀. Bàbá ní irọ́ ni.

Láti àná ni àbúrò ti wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan tí ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ náà yóò sì gbéra kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní bí òun bá fi orúkọ òpùrọ́ jáde nílé bàbá òun, òun kì yóò padà wọ̀ ọ́ mọ́.

Àkọ́bí wo ìjókòó ẹ̀rọ náà. Bàbá ti sún un síwájú, sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí ó kúrú ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé a ti pín ẹrù ẹni tí kò tíì kú.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó," ni ó wí. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ omi ni òun náà.

"Kí lo fẹ́ wò? Mo ti wò ó."

"Ọmọ lẹ wò, bàbá. Ẹ ò wo ẹ̀rọ."

Bàbá ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Máa wò ó nígbà náà. Tí o bá rí ọlọ́ṣà lábẹ́ ẹ̀, pè mí."

Àkọ́bí yọ wáyà ìtanná kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣèèṣì jí. Ó fi òkúta dí táyà, ó fi jáàkì gbé iwájú ẹ̀rọ sókè, ó sì ṣí ìdérí irin tí ó bo àwọn púlì tí bẹ́líìtì ká mọ́. Koríko ti lẹ̀ mọ́ wọn lára.

"O rí i?" ni bàbá wí. "Kì í fọ̀ ọ́."

"Koríko tútù ni. Ta ló gé ti òwúrọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Bẹ́líìtì yìí ńkọ́?"

"Tuntun ni. Òwúrọ̀ yìí ni mo fi í sí i."

"Ẹ sì ń já ọwọ́ irin sílẹ̀?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Gbogbo ìgbà ni."

Ó fa bẹ́líìtì náà síta díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti ń dán bí àwo, òórùn rọ́bà tí iná rà sì kún inú yàrá. "Ó ti ń jó. Ṣé ẹ̀yin náà ń parọ́ ni?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́líìtì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, bàbá."

Ó fi ọwọ́ yí àwọn púlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó wà lórí abẹ yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kékeré àárín, èyí tí ó máa ń ti bẹ́líìtì kí ó le, ké bí ẹni tí ń jẹ iyanrìn.

"Bíárìn tó ń yí nínú ẹ̀ ti lọ," ni bàbá wí, ara sì tù ú. "Ọ̀rọ̀ parí. A ó pààrọ̀ ẹ̀."

"Bíárìn kì í dédé lọ. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ló ń ké. Ẹ já ọwọ́ irin sílẹ̀ kí n wò ó."

Bàbá já a sílẹ̀. Ó yẹ kí apá irin tí púlì kékeré wà lórí rẹ̀ sún sẹ́yìn, kí bẹ́líìtì sì dẹ̀. Apá náà kò mira. Àkọ́bí fi àkísà nu gírísì tí ó bo sípíríǹgì rẹ̀, ó sì rí wáyà tí a fi dè é típẹ́típẹ́, tí a ká ẹnu rẹ̀ sínú kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni. Wáyà géètì ilé wọn ní irú kíká bẹ́ẹ̀. Wáyà tí a fi tún báàgì ilé-ìwé rẹ̀ ṣe ní ìgbà èwe náà ní i. Kò sí ọwọ́ mìíràn láyé tí ń ká wáyà báyẹn.

Ó rọra sún sẹ́yìn kí bàbá lè rí i.

Bàbá fọwọ́ kan wáyà náà. "Sípíríǹgì yẹn ti dẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Mo kàn..."

"Ẹ fún un dáadáa."

Kò rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi ń já ọwọ́ irin sílẹ̀, bó ṣe wí. Ìjánu á di abẹ mú, ṣùgbọ́n wáyà yín ò jẹ́ kí bẹ́líìtì dẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń fà á, púlì ò yí, ó wá ń họra mọ́ irin títí tó fi jó. Ó sọ fún yín. Ẹ ní irọ́ ni."

Ó mú ẹ̀mú, ó gé wáyà náà. Apá irin sún sẹ́yìn, bẹ́líìtì sì dẹ̀.

"Pè é," ni bàbá wí. "Ní kó máa bọ̀."

"Èmi kọ́ ni mo pè é ní òpùrọ́."

"Èmi ni bàbá ẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tó fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀."

Àkọ́bí gbé fóònù rẹ̀ lé orí ìjókòó ẹ̀rọ. Bàbá wò ó bí ẹni tí ń wo ejò, kí ó tó gbé e, ó sì pe ọmọkùnrin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e ní òdìkejì, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kọ́kọ́ wọlé.

"Wáyà ni," ni bàbá wí. "Èmi ni mo so ó. O ò parọ́."

Ohùn ọmọkùnrin náà le. "Ṣé àwọn tó wà níbẹ̀ lánàá ti gbọ́?"

Àwọn agbábọ́ọ̀lù wà níta, wọ́n ń so bàtà. Bàbá jáde lọ bá wọn, ó na fóònù síwájú bí àtùpà.

"Ọmọ mi ò parọ́ lánàá," ni ó wí fún wọn. "Èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́."

Kò sí ẹni tí ó pè é ní ìnagijẹ rẹ̀.

"Mo gbọ́, bàbá," ni fóònù wí, ó sì kú.

Bàbá padà wọlé. "Ṣé ó ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni àkọ́bí dáhùn. Ìbínú kò tíì kúrò lójú rẹ̀.

Bàbá tú nọ́ọ̀tì ìjókòó, ó tì í sẹ́yìn pátápátá, dé ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò lè dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípánà dè é padà. Àkọ́bí ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀tì náà dé ibi tí ó tó, bàbá dúró; kò fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.