Ohun Tí Nùrúdíìnì Ń Jẹ Nígbà Tí Màríyàm Ò Sí Nílé

Láti ọjọ́ tí Nùrúdíìnì ti gbé Màríyàm níyàwó, kò dáná rí. Kì í ṣe ìgbéraga. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe gbé e dé Douala, níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ ní ọjà New Bell láti ogún ọdún ó lé. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé ní àdúgbò Madagascar. Ilé ìdáná onípáànù kan wà lẹ́yìnkùlé tí Màríyàm àti Monique, obìnrin ará Cameroon tó múlé tì wọ́n, jọ ń lò.

Ní ìparí ọdún 1993, ìyá Màríyàm dùbúlẹ̀ àìsàn nílé. Màríyàm wọ ọkọ̀ ojú omi gba Kàlàbá lọ sílé, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lòun máa lò. Kó tó ronú àtipadà, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Cameroon ní Bàkàsí. Ọkọ̀ ojú omi ò lọ mọ́. Ní Douala, àwọn ọlọ́pàá ń dá àwọn ọmọ Nàìjíríà dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ wọn. Ara ìyá Màríyàm náà ò sì yá débi tó fi lè fi í sílẹ̀.

Ó wá ku Nùrúdíìnì àti Ìwàlọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹni ọdún méjìlélógún. Douala ni wọ́n bí i sí, iléèwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ ò já geere. Ó ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Logbaba. Ìdájí ló ń jáde, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Òun náà ò mọ oúnjẹ sè, torí ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìkòkò òun.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ni bàbá rẹ̀ wí fún un. "Búrẹ́dì wà, tíì wà. Kí ni mo tún ń wá?"

Búrẹ́dì ló fi ń mu tíì láàárọ̀. Búrẹ́dì ló ń jẹ lọ́sàn-án ní ìdí ọjà rẹ̀. Tó bá di alẹ́, á tún gé búrẹ́dì, á da ṣúgà púpọ̀ sí tíì. Oṣù kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta.

Tẹ́lẹ̀, Monique ì bá ti gbé abọ́ kan wá. Ṣùgbọ́n sójà ni Albert, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bàkàsí ni wọ́n sì rán an lọ. Lọ́jọ́ tí Monique gbọ́, ó rí Nùrúdíìnì lẹ́yìnkùlé, ó wò ó, ó sì wọlé láìkí i. Inú bí Nùrúdíìnì. "Ṣé èmi ni mo rán ọmọ ogun níṣẹ́ ni?" Òun náà ò kí i mọ́. Aládùúgbò ọdún mọ́kànlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára ara wọn bí àlejò.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, èrìgì Nùrúdíìnì ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń rin pákò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ó ń sọ fáwọn oníbàárà pé àárò ìyàwó ló ń ṣe òun, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́bọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé páálí òwú, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣubú lé ọjà rẹ̀ lórí. Àbùbákàr, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, fi takisí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bépanda, ó sì ránṣẹ́ pe Ìwàlọlá.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Bernice. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wá jókòó tì í.

"Papa, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Búrẹ́dì."

"Lọ́jọ́ tó ṣáájú ńkọ́?"

Nùrúdíìnì wo ọmọ rẹ̀. Ìwàlọlá ló dáhùn ní Faransé pé búrẹ́dì ni, láti oṣù kìíní. Bó ṣe ń sọ ọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, torí pé kò tíì ka oṣù náà rí.

Bernice ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Nùrúdíìnì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì ní oògùn nìkan ò tó. "Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àti ẹ̀fọ́ folong. Ẹ máa mu ọsàn tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí tíì jìnnà sí oúnjẹ díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà tẹ́ ẹ ti ń tajà."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí abẹ́rẹ́, Papa."

Nùrúdíìnì bínú délé. "Àgbà tó tó mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa lọ jẹ ẹ̀fọ́!" Lọ́jọ́ kejì, Ìwàlọlá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó sì lọ sọ́jà. Àmọ́ orúkọ ẹ̀fọ́ tí Bernice dá ti pòórá lórí rẹ̀. Ndolé tó mọ̀, irú ewúro kan, ló rà, kò sì mọ̀ pé wọ́n máa ń bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ṣe é jẹ. Ó kàn rẹ́ ẹ sómi gbígbóná, ó da epo sí i.

Ó gbé e wá. "Papa, o jẹ díẹ̀."

Ọjọ́ mìíràn, ì bá ti sọ fún un pé a kì í sọ "o" sí bàbá ẹni. Ó fi í sílẹ̀. Ó fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó korò bí jogbo. Ó rí ìka ọmọ rẹ̀ tí ọ̀bẹ ti gé. Ó gbé ẹ̀fọ́ náà mì. Ó bu òmíràn.

Ìwàlọlá tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Ah non, Papa! Kò dáa, kí ló dé tí o ń jẹ ẹ́?"

"Ìwọ lo sè é."

Ọmọ náà dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Monique. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí búrẹ́dì dé orí ìṣubú inú ọjà. Monique pariwo, ó gbá àyà. "Mo rí i pé ó ń rù! Mo rò pé ìbínú ló ń mú ọkùnrin yẹn rù." Ó so aṣọ mọ́dìí, ó sì mú ewé kan jáde nínú agbọ̀n rẹ̀.

Nùrúdíìnì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ pe èyí?"

"Folong."

"Tẹ̀tẹ̀ ni!" Ó mú un, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ìyá mi máa ń gbìn ín sẹ́yìn ilé wa. Folong wo? Tẹ̀tẹ̀ nìyí!"

Monique rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún. Ó ní láti oṣù méjì, òun ò gbọ́ ohun kan láti ọ̀dọ̀ Albert. Nùrúdíìnì dúró níbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Níkẹyìn, ó fa àpótí, ó jókòó, ó ń já tẹ̀tẹ̀ kúrò lára igi rẹ̀.

"Ọlọ́run á dá a padà fún ọ," ló sọ. "Èmi náà á máa fi í sádùúà."

Láti ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dáná. Ẹ̀wà lónìí, ẹ̀fọ́ àti edé lọ́la, ẹja yíyan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́túnla, ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ dá ní èrìgì Nùrúdíìnì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń padà díẹ̀díẹ̀. Sójà kan tó ti Bàkàsí bọ̀ sọ fún Monique pé Albert wà láàyè, ó fẹsẹ̀ pa lásán ni. Ọjọ́ yẹn, ìkòkò kan ò tó wọn.

Nínú oṣù keje, Màríyàm gba ọ̀nà ilẹ̀ ti Mamfe wọlé, nínú òjò, lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ó ti gbẹ bí igi, aṣọ ń yọ̀ lára rẹ̀. Ibi tó ti ń tọ́jú ẹlòmíràn, kò ráyè ara rẹ̀.

Ó wẹ̀ tán, ó fẹ́ kọrí sí ilé ìdáná gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Jókòó," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹyin wá, Ìwàlọlá gbé omi tẹ̀lé e. Màríyàm wo ọkọ rẹ̀, ó wo abọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dúró nù ún.

"Iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀," ló wí nígbà tó yá, ó sì na abọ́ sí Nùrúdíìnì pé kó bu sí i.