Òkúta Ẹ̀là Dúdú

Ọdún mọ́kànlá ni Notburga ti ń retí kí ọ̀nà onírin kan dé ẹnu ọ̀nà òun. Ilé tó ń bójú tó lórí òkè, tí àwọn agunkè ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn sí, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kan nílùú ìsàlẹ̀ ló ni ín, ẹgbẹ́ náà sì ti sọ fún un láìfepo-bọyọ̀ pé bí èrò kò bá pọ̀ sí i láàárín ọdún méjì, àwọn máa tì í pa. Àwọn tó ń gun òkè lóde òní, okùn irin ni wọ́n ń tọ̀: irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí èèyàn á fi ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ há, tí á máa fà gòkè. Ilé àlejò tí Filomena ń bójú tó, ní òdìkejì òkè, ní méjì. Ti Notburga kò ní ẹyọ kan.

Nítorí náà, nígbà tí Vigil àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ olórí àwọn amọ̀nà ní àfonífojì náà, tẹ́ máàpù sórí tábìlì rẹ̀ ní Sátidé kejì oṣù Kẹfà, tó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà láti ẹsẹ̀ òkè, gba inú Ẹ̀là Dúdú, wá já sí ẹnu ọ̀nà Notburga gan-an, inú obìnrin náà dùn. Ó dùn fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀là Dúdú ni ibi tí àpáta ti là sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Bí èèyàn bá ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, òun ló máa kọjú sí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Notburga ti ń sá aṣọ níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ títí di ọ̀sán, èèyàn kì í sá aṣọ ibùsùn funfun síbẹ̀. Òkúta máa ń já nínú ẹ̀là náà, á fọ́, atẹ́gùn á sì gbé eruku rẹ̀ wá. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹnikẹ́ni kì í gba ibẹ̀, aṣọ òun nìkan ló sì ń bàjẹ́.

Vigil àti Serafin, àgbà amọ̀nà tó máa ń lu ihò irin sára àpáta, ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe wọn ọ̀nà náà. Inú oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Oṣù Kẹwàá náà ni àwọn bàbá wọn máa ń wọn ọ̀nà, torí láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, àlejò ni amọ̀nà ń fà kiri lórí òkè bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n lò nínú ẹ̀là náà. Ó gbẹ, ó sì pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ Ajé wọn á buwọ́ lùwé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun hẹlikópítà á gbé irin wá.

Notburga wọ ilé ìdáná lọ ro ọbẹ̀. Ó lè dákẹ́. Òun kọ́ ló wọn ọ̀nà. Zenzi ọmọ rẹ̀ ti sọ pé bí ilé náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun á fi iṣẹ́ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ wá bá a ṣe é. Ó ro ọbẹ̀ náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, ó bù ú sí abọ́ méjì, ó gbé e jáde.

"Vigil, ọ̀nà yẹn ò dáa."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná, kẹ́ ẹ tó máa bú wa."

"Òkúta ń já níbẹ̀."

Serafin rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn fi wà níbẹ̀, èyí tó tó ẹ̀wà kan ò já. Ó bi í pé ṣé òkúta wá mọ ẹni tó ń fọ abọ́ ju ẹni tó ń gun ún lọ ni.

"Oṣù Kẹwàá lẹ lọ," Notburga dá a lóhùn. "Àlejò wo ló ń wá síbí lóṣù Kẹwàá? Ẹ̀yin nìkan náà ni."

Vigil fi ṣíbí sílẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí kò bá gba inú ẹ̀là, èjìká òkè nìkan ló kù, ọ̀dọ̀ Filomena ni èjìká òkè sì já sí.

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á ti ibí yìí pa mọ́ yín lórí."

"Mo ní mo mọ̀, Vigil. Mi ò tíì ya dìndìnrìn. Ẹ sùn síbí, ká jọ wò ó lọ́la."

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé pẹ̀lú kọfí. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lù, ẹ̀là náà dákẹ́. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Serafin ní ó jọ pé àwọn òkúta ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń ya Notburga lẹ́nu ni pé òun náà ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n má já, kí ojú ti òun, kí ìlà pupa yẹn wà níbi tó wà.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn kan òjò dídì tó ṣẹ́kù lórí ẹ̀là. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Òkúta kan tó tó ẹ̀ṣẹ́ já, ó ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta tóbi tó ààrò ìdáná, ó balẹ̀ gan-an níbi tí Vigil ti fa ìlà rẹ̀ yà sọ́wọ́ òsì, ó sì fọ́ yángá. Eruku bo gbogbo rẹ̀.

Serafin ṣí fìlà rẹ̀. Vigil ka òkúta tó ń já dé mọ́kàndínlógún, kò kà mọ́. Ó ní aago mẹ́wàá ni àlejò tó bá sùn sílùú máa ń dé àárín ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó mú rọ́bà, ó pa ìlà náà rẹ́, ó fi agbára pa á débi pé bébà ya. Ó fa òmíràn gba èjìká òkè, níbi tí kò ti sí àpáta lókè orí ẹnikẹ́ni, títí dé ọ̀dọ̀ Filomena.

Notburga wo ìlà náà. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ igi kalẹ̀. Ó gé búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ fún wọn. Bó ṣe ń gé e ló ń wo máàpù, ló bá dúró.

"Níbo ni wọ́n máa gbà sọ̀ kalẹ̀?"

Àwọn amọ̀nà méjèèjì wo ara wọn. Vigil ní wọ́n á gba orí òkúta wẹ́wẹ́ tó kún ẹ̀gbẹ́ òkè ni, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

"Gbogbo èèyàn wo? Ìwọ lò ń sá lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ọmọdé. Olùkọ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn, ṣé òun náà á sá bẹ́ẹ̀?"

Wọn ò rò ó rárá. Amọ̀nà kì í ronú sí sísọ̀ kalẹ̀. Vigil ní kí wọ́n padà gba orí irin, Serafin ní kò ṣeé ṣe, àwọn tó ń sọ̀ àtàwọn tó ń gòkè á pàdé láàárín ọ̀run òun ayé. Wọ́n jiyàn dáadáa. Nígbà tó yá, Serafin fi ìka tọ ìlà tín-ín-rín kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára máàpù: ọ̀nà àgùntàn àtijọ́, tó ti ọ̀dọ̀ Filomena lọ́ yí ìlà oòrùn òkè ká. Kò ga, kò sì yọ̀. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀ díẹ̀ díẹ̀, títí ó fi dé iwájú ilé ìdáná Notburga. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Vigil yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé látàná lẹ ti mọ̀?"

"Ká ní mo mọ̀ látàná, ǹ bá ti rí oorun sùn."

Serafin ní ẹni tó ń gòkè, kọfí ló ń mu, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹun. Vigil fa ìlà náà ní pupa, ó kọ wákàtí méjì àbọ̀ sí i. Notburga ní kó kọ mẹ́ta, torí ẹsẹ̀ àlejò ni wọ́n ń kà, kì í ṣe tiẹ̀. Ó kọ mẹ́ta.

Bí wọ́n ṣe lọ, ó pe Filomena lórí fóònù, ó sọ fún un pé ọ̀nà onírin kẹta ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Filomena bi í pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Notburga ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, kó ṣáà máa fi ọ̀nà àgùntàn han àwọn èèyàn náà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Mo máa sọ fún wọn pé ọbẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ," ni Filomena wí. "Àmọ́ mi ò ní sọ pé ó dùn o."

"Má sọ ọ́. Wọ́n á fẹnu ara wọn tọ́ ọ wò."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ wo ìkòkò wo ló tóbi jù nílé.