Orúkọ Tó Wà Nínú Ẹsẹ Ìkẹyìn

Àná ni wọ́n gbé orin mi jáde ní Ìlọrin, òní ni mo gbọ́. Bùrọ̀dá Lukman, tó máa ń fi orin sínú fóònù fún àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ló yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní Ọ̀fà.

"Bàrákàt, ẹ ṣe lọ́ǹṣì lánàá, o ò pè wá."

Mo ní lọ́ǹṣì wo? Ó tẹ fóònù rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn Alhaja Hàlímàt, olórin ẹ̀sìn ará Ìlọrin, ohùn tó tutù bí omi inú àmù. Orin tí mo hun fún un ló ń kọ. Ìdí máṣíìnì ni mo ti rí orin yẹn, lọ́jọ́ tí mò ń rán híjáàbù àwọn ọmọ kéú. Alhaja ti ṣèlérí pé ẹ̀gbẹ́ òun ni mo máa jókòó sí lọ́jọ́ tó bá jáde. Mo ti rán aṣọ tí mo máa wọ̀. Lọ́kàn mi, mo ti kí gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn tí wọ́n máa ti gbé e jáde tán.

Orin náà wá kan ẹsẹ ìkẹyìn. Àwọn tó ń hun orin ẹ̀sìn lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dárúkọ ara wọn sí, kí ẹni tó bá gbọ́ lè mọ ẹni tó máa ṣàdúà fún. Àbẹ̀ní ni orúkọ oríkì mi. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni:

*Èmi Àbẹ̀ní ni mo hun orin yìí,*
*Ọmọ Ọlọ́fà, ìjàkadì lorò wa.*

Ohun tí Alhaja kọ ni:

*Èmi Hàlímàt ni mo hun orin yìí,*
*Ọmọ Ọlọ́fà, ìjàkadì lorò wa.*

Lukman ti ń rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà wo ni Alhaja ti di ọmọ Ọ̀fà? Ìlọrin ni wọ́n bí i, Ìlọrin ni wọ́n bí baba rẹ̀. Ó yọ orúkọ, ó gbàgbé oríkì. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ mi nínú ọjà."

Ìyá mi kò gbójú sókè nídìí iṣẹ́. "Ṣé kò sanwó ni?"

"Ó san án."

"Kí lo wá ń fajú ro sí? Ẹni tó ta ewúrẹ́ kì í tẹ̀ lé e délé ẹni tó rà á."

"Màmá, ewúrẹ́ kì í dárúkọ ẹni tó sìn ín. Orin mi ń dárúkọ mi."

"Ẹnu rẹ yìí náà ni kò jẹ́ kó o tíì lọ́kọ."

Lọ́sàn-án, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìjàgbo, ìlú tó wà nítòsí wa, ló ti wá. Ó ní òun lọ gba orin Alhaja lọ́dọ̀ Lukman, Lukman sì sọ fún òun pé inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni ẹni tó hun ún wà. Ọmọ rẹ̀ ti ka Kùránì parí, wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún un, ó sì fẹ́ orin tí orúkọ ọmọ náà máa wà nínú rẹ̀.

"Mo lè hun ún, mà," mo ní. "Ta ló máa wá kọ ọ́?"

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mi ò ní irú ohùn Alhaja."

"Ṣé ohùn Alhaja ni mo wá rà?"

Mi ò kọrin lójú èèyàn rí. Ojú ń tì mí, àmọ́ mo hun ún níbẹ̀, mo sì kọ ọ́. Lukman, tí a ránṣẹ́ pè, gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Ìyá mi kọ̀, kò dá máṣíìnì dúró. Ó ní aṣọ àwọn oníbàárà wà lọ́wọ́ òun. Bí obìnrin náà ṣe gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Alhaja pè.

"Bàrákàt, ọmọ mi. Orin wa ti gbòde."

"Mo ti gbọ́ ọ, mà."

"Nǹkan kékeré kan ló kù. Àwọn èèyàn ń tìtorí ìjàkadì yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bá mi fi oríkì Ìlọrin sí i, kí n tún un kọ lọ́la. Láti òní lọ, gbogbo orin tó o bá hun, èmi ni kó o máa kó wọn fún. O ò ní wá ọjà kiri mọ́ láé."

Ohun tí mo ti ń tọrọ nínú àdúà nìyẹn. Mo rí gbọ̀ngàn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú iná rẹ̀ àti èrò rẹ̀.

"Orúkọ mi ńkọ́, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló mọ Àbẹ̀ní? Èmi ni wọ́n mọ̀. Tó o bá kọ̀, ta ló máa gbọ́ orin rẹ kọjá Ọ̀fà?"

Máṣíìnì ìyá mi ti dákẹ́. Ó ń wò mí.

"Alhaja," mo ní, "ẹ ṣeun. Mi ò ní tún ẹsẹ yẹn ṣe. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ dá orúkọ mi padà sí i. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ máa jẹ́ ọmọ Ọ̀fà lọ. Mi ò hun orin fún yín mọ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni mo máa kọ ọ́."