Àwọn Fúláàtì Tí Wọn Ò Kọ́

Ọdún mẹ́ta ni Monísọ́lá fi gbé yàrá kan nílé Bọ̀dá Oyèníran ní Crumpsall, àdúgbò kan ní Manchester. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Bọ̀dá ló lọ pàdé Monísọ́lá ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn ju àbúrò lọ. Ilé mẹ́rin ló ní ládùúgbò náà, gbogbo rẹ̀ ló sì fi háyà.

Lọ́dún 1989, àwọn kan fẹ́ kọ́ ọgọ́ta fúláàtì sí ilé iṣẹ́ òwú tó ti dahoro lẹ́yìn ilé wọn. Bọ̀dá mú ìwé kan tí wọ́n fi ta ko iṣẹ́ náà wá bá a ní kíṣìnnì.

"Àwọn ọ̀mùtí ni wọ́n fẹ́ kó wá síbẹ̀, àbúrò mi. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, báwo lo ṣe máa rí oorun sùn lọ́sàn-án? Fọwọ́ sí i, ká gbé e lọ fún kánsù."

Ó fọwọ́ sí i. Ó tún gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, èèyàn mọ́kànlá ló bá a fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cynthia nìkan ló dá bírò padà láìfọwọ́ sí i.

Kánsù ò gbà kí wọ́n kọ́ ọ. Kò pé oṣù mẹ́ta, Bọ̀dá fi ìdajì lé owó ilé. Monísọ́lá lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kì í ṣe ẹjọ́ mi," Bọ̀dá ní. "Ilé ò sí níta. Tó o bá kó jáde lónìí, èèyàn mẹ́fà ló ń dúró de yàrá yẹn."

Monísọ́lá dìde nílẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sí."

"Èmi àti ìwọ ni," Bọ̀dá wí, kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Monísọ́lá rántí àwọn mọ́kànlá tó fọwọ́ sí ìwé náà ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀mùtí tí kò fojú rí rí ló fi dẹ́rù bà wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ó bi Cynthia ìdí tí kò fi fọwọ́ sí ìwé náà.

"Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn fúláàtì yẹn," Cynthia ní. "Èmi àtàwọn ọmọ mi. Mi ò kàn fẹ́ dójú tì ẹ́ níṣojú àwọn yòókù ni."

Monísọ́lá kọ̀wé sí kánsù pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé náà. Wọ́n fèsì pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kó lọ sí Ashton-under-Lyne lẹ́yìn ìlú, ó sì ń wọ bọ́ọ̀sì méjì wá síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, owó ilé lé Cynthia náà kúrò ní Manchester. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére fún un ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni Monísọ́lá dúró sí, kò sì lè lọ dì mọ́ ọn.