Omi Gbígbóná fún Ìbọn Yésúfù

"Ìyàwó, ìwọ lo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìbọn yìí," ni Bàbá Àkíbù wí.

Kúlúsúmù wo ìbọn ṣakabùlà ọkọ rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní láàrin agboolé bí òkú tí a fẹ́ wẹ̀. Ó wo itan ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi, Bàbá? Ìgbálẹ̀ lásán ni mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ lánàá tí mo fi di ògiri mú. Òkè lára ògiri ni ìbọn yín máa ń wà. Bí itan mi yìí bá gbìyànjú ibẹ̀, gbogbo àdúgbò Beyerùnkà ni ì bá gbọ́ ìṣubú mi."

Àwọn obìnrin ilé fi ìró bo ẹnu. Bàbá Àkíbù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Yésúfù, òun náà sì ni olórí ọdẹ agboolé wọn. Níjẹta tí wọ́n jọ lọ sígbó, àgbọ̀nrín dúró níwájú Yésúfù bí àna tó wá kí ni. Yésúfù yìnbọn, ọta ya lọ sórí ọ̀pẹ, ó fọ́ akèrègbè mọ́ ẹlẹ́mu lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ orí ẹlẹ́mu ọ̀hún.

"Yésúfù kì í tàsé," ni Bàbá Àkíbù wí. "Ọwọ́ obìnrin wà níbẹ̀. Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀bẹ̀, kí o di ẹrù rẹ, kí o lọ sílé bàbá rẹ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí ìbọn yóò fi ṣe dáadáa."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Kúlúsúmù. Kí obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ru ẹrù la Ọjà'ba kọjá lójú gbogbo oníbàárà rẹ̀? Ó wo ọkọ rẹ̀. Yésúfù ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà fẹ́ gba òmìnira, èmi nìkan lẹ wá fẹ́ dá padà sílé bàbá mi. Mi ò ní í kúnlẹ̀ fún ohun tí mi ò ṣe. Bàbá Morẹ́nikẹ́, ìgbà wo lẹ bèèrè omi gbígbóná lọ́wọ́ mi kẹ́yìn?"

Yésúfù ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá ti ìgbẹ́ dé, omi gbígbóná lẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó bèèrè mi. Inú a máa bí mi. Ẹ ó dà á sínú ìbọn, ẹ ó fi àkísà nù ún títí yóò fi mọ́. Láti Iléyá, ẹ kò bèèrè mọ́."

"Mo fi oògùn sí i ní Iléyá," ni Bàbá Àkíbù wí. "Oògùn àìtàsé. Omi ni èèwọ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èérí ẹ̀tù láti Iléyá ló dì sínú ọ̀pá ìbọn yẹn. Bàbá, àdín ni mò ń tà ní Mápó. Bí mi ò bá fọ àrọ tí mo fi ń rọ àdín sínú ìgò, èérí a dì sí i lọ́rùn, àdín a sì máa ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìtọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin. Mo rọ ọ́ sẹ́sẹ̀ oníbàárà lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó gbá mi létí. Mi ò sọ pé ẹnì kan ló gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àrọ mi."

Ó fọwọ́ ti orúnkún rẹ̀ tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó dìde, ó gbé ìkòkò omi tó ń hó lórí ààrò wá síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fọ̀ ọ́."

Yésúfù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò mira.

"Kò burú." Kúlúsúmù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbọn.

"Bí obìnrin bá fọwọ́ kàn án, kò ní í dún mọ́ láéláé," ni Bàbá Àkíbù wí.

"Bó ṣe ń dún yìí náà, àǹfààní kí ló ń ṣe wá?"

Ó da omi sí i lẹ́nu. Omi gba ihò kékeré ìdí rẹ̀ jáde, ó dúdú bí omi aró, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó sì da sí ìró rẹ̀. Ó wé àkísà gèlè mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń kìbọn, ó ń tì í wọlé, ó ń fà á jáde, títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Ó yá ìbọn níná títí inú rẹ̀ fi gbẹ, ó wá fi àdín ra á fẹ́ẹ́rẹ́. Àdín gidi, kì í ṣe èyí tó máa ń bomi là fún àwọn tó bá ná an jù.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn lọ sí ọ̀nà oko. Yésúfù gbé ìbẹ̀pẹ kan lé orí kùkùté, ó rìn jìnnà sẹ́yìn, ó kìbọn, ó yìn ín. Ìbẹ̀pẹ fọ́n káàkiri. Kùkùté nìkan ló kù níbẹ̀.

Bàbá Àkíbù wúkọ́. "Oògùn mi ti jí. Ṣùgbọ́n obìnrin ti fọwọ́ kan ìbọn. Kí ó máa lọ."

Kúlúsúmù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ ní kí n lọ títí ìbọn yóò fi ṣe dáadáa. Ìbọn ti ṣe dáadáa kí n tó di ẹrù. Mi ò lọ. Ẹni tó bá sì rò pé òun lè gbé mi, kó wá gbìyànjú."

Kò sẹ́ni tó gbìyànjú.

Yésúfù ti ìka bọ ẹnu ìbọn. Dúdú ni ìka náà jáde. Ó wò ó pẹ́, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, ṣé omi gbígbóná ṣẹ́kù nílé?"

"Ó wà lórí ààrò. Ọwọ́ ara yín lẹ ó fi gbé e."

Yésúfù gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì forí lé ilé.